Kẹ̀kẹ́ Tí Alàgbà Rí Lójú Ìran

Ní Lálúpọn, lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù Safurat, Ìyá Rilwan, wà. Kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ ló ń tà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, Alàgbà Ọlọ́runyọmí sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Ìyànà Ọ̀fà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Télọ̀ tó ń rán sùtánà fún àwọn Aládùúrà ni. Ìsìn ló ti ń bọ̀ tààrà: ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ìgò òróró kékeré kan sì wà lápò rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ owó parí lórí fóònù. Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà ńlẹ̀, iye kan náà ni wọ́n, ó kù kó yan ọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ò le, kò tíì bá Alàgbà ra nǹkan rí.

SAFURAT: Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí n bù yín lómi.

ALÀGBÀ: Mi ò fẹ́ jókòó. Ìdí mi ti jókòó tó nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn kẹ̀kẹ́ dà?

(Safurat ká tápólì kúrò lórí kẹ̀kẹ́ méjì bí ẹni tó ń ṣíjú ìyàwó tuntun. Ọ̀kan dúdú: irin rẹ̀ pẹlẹbẹ, ríìmù rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọ̀kan pupa: irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí fáàrí kankan lára rẹ̀.)

SAFURAT: Èyí dúdú yìí, éérò ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo irin ẹ̀, ẹ wò ó, pẹlẹbẹ. Afẹ́fẹ́ ò rí ibi dì í mú. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó di àwátì.

ALÀGBÀ: Mi ò fẹ́ kẹ̀kẹ́ tó máa sọnù.

SAFURAT: Kò ní sọnù, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọnù lójú àwọn tó bá ń lé yín.

ALÀGBÀ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn dáa. Èyí pupa ńkọ́?

SAFURAT: Ìyẹn? Gbogbonìṣe ni mo ń pè é. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń já kòtò, kì í bínú. Mi ò ní kò dáa o. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sáré, éérò ni.

ALÀGBÀ: Gbogbonìṣe. Ìjọ tiwa kì í mu àgbo.

SAFURAT: Ẹ ò ní mu ún, Bàbá. Gígùn lẹ máa gùn ún.

ALÀGBÀ: Orúkọ yẹn ni mò ń sọ. Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni mo gùn wá, kí n ní gbogbonìṣe?

SAFURAT: Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Kí lẹ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe gan-an? Ṣé ọjà lẹ fẹ́ máa fi ná ni àbí ẹ fẹ́ máa fi na ara?

(Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Ó dúró kí ewúrẹ́ náà kọjá tán.)

ALÀGBÀ: Ìran ni mo rí.

SAFURAT: Ìran kẹ̀kẹ́?

ALÀGBÀ: Ìran kẹ̀kẹ́. A wà lórí àdúrà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá bọ́ sínú ẹ̀mí. Mo rí ara mi lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ń fò. Kò sí ẹnìkankan níwájú mi. Gbogbo èèyàn ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. N kò sì dúró.

SAFURAT: Súbúhánálláhì! Ẹ ò dúró?

ALÀGBÀ: N kò dúró rárá. Mo dìde, mo sọ ọ́ fún ìjọ. Kí n tó padà jókòó, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní eré kẹ̀kẹ́ ìkórè wa ni, ti ọjọ́ Sátidé yìí, láti Ìyànà Ọ̀fà wá sí Lálúpọn níbí. Wọ́n ní èmi ni mo máa gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

SAFURAT: Ẹ ti ń múra eré náà láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

ALÀGBÀ: Mi ò tíì gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó.

SAFURAT: Háà! Ẹ ò wá sọ fún wọn?

ALÀGBÀ: Lójú àtẹ́wọ́? Ìyá Rilwan, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé eré yẹn ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ olórí aríran. Tí ìran yẹn ò bá ṣẹ, Ìmọ́lẹ̀olúwa ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Ọmọ àná! Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko lójoojúmọ́, itan ẹ̀ rí bí odó. Òun náà wà nínú eré ọ̀hún.

SAFURAT: Nínú ìran yín, ṣé ẹ rí i lẹ́yìn yín?

ALÀGBÀ: Mi ò wẹ̀yìn. Iwájú ni wọ́n fi hàn mí.

SAFURAT: Mo kàn ń bèèrè ni o. Nítorí pé ẹni tó gbẹ́yìn pátápátá, tí àwọn tó kù ti délé tí wọ́n ti ń jẹun, kò sí ẹnìkankan níwájú òun náà.

(Ó hàn lójú Alàgbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìtumọ̀ tí ìjọ fún un.)

ALÀGBÀ: Ìyá Rilwan, má da ìran mi rú.

SAFURAT: Ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni, mo tún máa ń fi kẹ̀kẹ́ háyà fún èèyàn.

ALÀGBÀ: Háyà kẹ̀? Ó tì! Kẹ̀kẹ́ tara mi ni mo gùn nínú ìran. Mo ti san owó rẹ̀ tán. Mo mọ̀ ọ́n lára, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

SAFURAT: Kí ni àwọ̀ rẹ̀?

ALÀGBÀ: Ó ń sáré jù. Mi ò rí àwọ̀.

SAFURAT: Éérò nìyẹn! Bàbá, éérò nìyẹn! Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré débi pé èèyàn ò rí àwọ̀ ẹ̀, kí ló tún kù? Mo ti ṣe tán láti bá yín fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹ̀.

ALÀGBÀ: Rọra. Ìwọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn fún mi ná.

SAFURAT: Kò le. Tí ẹ bá ń sáré lórí kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ló máa ń dá yín padà. Ẹni tó ṣe éérò yìí ti rò ó dáadáa, ó wá sọ gbogbo irin ẹ̀ di pẹlẹbẹ kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà á tẹ̀ ba sórí ẹ̀ báyìí, ẹ ò ní ga, ẹ ò ní fẹ̀, gbogbo ara yín á mọ níwọ̀nba. Kí lẹ fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà?

ALÀGBÀ: Sùtánà.

SAFURAT: Èyí tó wà lọ́rùn yín yìí?

ALÀGBÀ: Ìkórè ni. Gbogbo wa la máa wọ̀ ọ́. Àmọ́ tèmi ló fẹ̀ jù. Èmi ni mò ń rán an fún gbogbo wọn, kò yẹ kí n ṣahun aṣọ fún ara mi.

(Ó na apá rẹ̀ méjèèjì láti fi hàn án. Atẹ́gùn kan gba ojú títì kọjá, sùtánà náà wú, ó bo kẹ̀kẹ́ méjèèjì àti orí Safurat pẹ̀lú. Safurat yọ orí jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

SAFURAT: Bàbá, aṣọ yìí ju tápólì mi lọ.

ALÀGBÀ: O ṣeun. Ojúlówó aṣọ ni.

SAFURAT: Ẹ máa ká a mọ́ ìbàdí ni o. Ẹ fi àmùrè dì í gírígírí.

ALÀGBÀ: Kí gbogbo ìyá ìjọ máa wo orúnkún mi?

SAFURAT: Ẹ wọ ṣòkòtò sí i lábẹ́!

ALÀGBÀ: Ó dáa, ìyẹn ṣeé gbọ́. Pẹ́dàlì éérò yìí ńkọ́? Ó mà kéré, ó dà bí bọ́tìnnì kóòtù.

SAFURAT: Ó ní bàtà tiẹ̀. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́, á há mọ́ ọn kọ̀ọ̀, ẹsẹ̀ yín ò ní yọ̀.

ALÀGBÀ: Bàtà? Pẹ̀lú sùtánà? Nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni.

SAFURAT: Bàtà yẹn ò ní kanlẹ̀ kẹ̀. Òkè lẹ máa wà. Ẹ ò ní fi rìn rárá.

ALÀGBÀ: Bàtà ni, Ìyá Rilwan. Kódà kó wà lójú ọ̀run.

SAFURAT: Ó ti tán. Mo ní pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nínú ilé, ó fẹ̀ bí igbá-ìkólẹ̀. Màá fi pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, ẹ ò ní san nǹkan kan lé e. Ṣé a ti parí?

(Alàgbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wo àwo irin pẹrẹsẹ kan tó ń dán láàárín ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ dúdú. Ó rí irú rẹ̀ lẹ́yìn. Ó yí sí pupa, ó tún rí i níbẹ̀.)

ALÀGBÀ: Kí ni àwọn àwo tó ń dán yìí?

SAFURAT: Áà, Bàbá! Ẹ ti kan ibi tí owó wà. Bíréèkì aláwo nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́, rọ́bà ló ń fún ríìmù mọ́ra, tí òjò bá rọ̀, ó di kí Ọlọ́run ṣàánú. Èyí kò mọ òjò, kò mọ ẹrẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, gbogbo ẹ̀mí yín, ọwọ́ àwo yìí ló wà.

ALÀGBÀ: Gbogbo ẹ̀mí mi?

SAFURAT: Gbogbo ẹ̀ pátá. Iwájú àti ẹ̀yìn.

ALÀGBÀ: (ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀) Ó dáa tí o sọ fún mi.

SAFURAT: Ẹ wá gun éérò wò. Ẹ jókòó lé e lásán, mo di í mú.

(Alàgbà gùn ún. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ní láti tẹ̀, ó tún tẹ̀, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń wá orúnkún. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n.)

SAFURAT: Báwo ló ṣe rí, Bàbá?

ALÀGBÀ: Bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá a nílẹ̀ ni.

SAFURAT: Ara yín á mọ̀ ọ́n.

ALÀGBÀ: Safurat.

SAFURAT: Bàbá?

ALÀGBÀ: Ẹ̀rù ń bà mí.

(Ó sọ ọ́ sílẹ̀, sí ara táyà iwájú. Ó jọ pé ó rọrùn fún un láti sọ ọ́ síbẹ̀.)

ALÀGBÀ: Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń dá mi lóhùn. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá ní mo rí nǹkan, gbogbo wọn á pa lọ́lọ́. Wọ́n á máa gbọ́ mi. Tí ìran kan ṣoṣo yìí bá já sí irọ́, ta ló tún máa gbọ́ mi mọ́? Wọ́n á ní Bàbá ti ń ṣarán.

(Àánú ṣe Safurat, àánú tòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: éérò yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé Bàbá Rilwan ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń sá ṣòkòtò sí. Òní ló ti pinnu láti fi lé ẹnìkan lọ́wọ́. Ó wo irùngbọ̀n tó ń gbọ̀n yìí, ọkàn rẹ̀ kò gbà á.)

SAFURAT: Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má gbé éérò.

ALÀGBÀ: Kí lo wí?

SAFURAT: Ẹ gbé pupa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń bá yín sọ báyìí. Irin dúdú yìí le gbagidi. Gbogbo kòtò tó wà láti Ìyànà Ọ̀fà wá síbí, ìdí yín ló máa kà á. Ríìmù ẹ̀ tó fẹ̀ yẹn, tí atẹ́gùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, pẹ̀lú sùtánà yín, inú oko àgbàdo ni wọ́n ti máa wá yín. Pupa á jẹ́ kí ẹ nàró díẹ̀, ó fúyẹ́ lórí òkè, ó ní sùúrù. Kò ní gbé yín débẹ̀ ní kìíní, àmọ́ á gbé yín débẹ̀.

(Alàgbà sọ̀kalẹ̀. Ó wo Safurat. Ó wo éérò. Ojú rẹ̀ kéré sí i díẹ̀.)

ALÀGBÀ: Ta lo fẹ́ tà á fún?

SAFURAT: Kí ni?

ALÀGBÀ: Láti ìgbà tí mo ti dé lo ti ń yin dúdú. Dúdú ò láfiwé, dúdú ń fò. Mo wá sọ fún ẹ pé ipò kìíní ni mo fẹ́, o wá ní kí n má gbé e. Ìmọ́lẹ̀olúwa ti pè ọ́.

SAFURAT: Bàbá, mi ò mọ Ìmọ́lẹ̀olúwa rí!

ALÀGBÀ: Wo bí o ṣe yára dáhùn.

SAFURAT: Wọ́láhì, mi ò mọ̀ ọ́n! Kẹ̀kẹ́ yẹn ò dáa fún yín! Ó le, ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dunni, àwọn tó rà á tẹ́lẹ̀ gbé e padà wá!

ALÀGBÀ: Kẹ̀kẹ́ tó burú tó báyìí, tí o sì fi tápólì bò ó?

SAFURAT: Mo fi bo méjèèjì!

ALÀGBÀ: Kí wọ́n má baà rí dúdú.

(Safurat gbé ọwọ́ lérí. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn.)

SAFURAT: Ó dáa. Ẹ gbé dúdú. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó dà bí ẹ̀.

ALÀGBÀ: Ẹ̀n-ẹ́n! O ti wá ń fẹ́ kí n gbé e. Kí ló ṣe é?

SAFURAT: Bàbá! Èwo wá ni kí n sọ?

ALÀGBÀ: Má sọ èyíkéyìí mọ́. Ẹnu rẹ ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí jù. Wọlé lọ, lọ wá pẹ́dàlì tí o ní ó dà bí igbá-ìkólẹ̀. Jẹ́ kí n dá wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀mí ló máa yàn.

(Safurat wọlé, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ń gbọ́ bó ṣe ń da irin rú nínú ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà yọ ìgò òróró. Ó kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó ṣe nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, ó padà wá. Ó wá ń wá ibi tí orí kẹ̀kẹ́ wà. Ó wo ìjókòó, ó mi orí. Ó wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó mi orí. Ó rí àwo. Ó rántí ohun tí wọ́n sọ fún un nípa àwo. Ó ta òróró sí i, iwájú àti ẹ̀yìn, ó fi ìṣẹ́tí sùtánà rẹ̀ nù ún yíká dáadáa, bí ẹni tó ń fi òróró pa ọmọ lára. Kí ó má baà ṣe ojúsàájú, ó ṣe ti pupa náà. Ìgbà tí Safurat jáde, Alàgbà ti di ojú, ìgò ti wà lápò.)

SAFURAT: Pẹ́dàlì rèé. Kí ló ń ta sánsán báyìí?

ALÀGBÀ: Má ṣe ìyọlẹ́nu. Mo ti yà wọ́n sí mímọ́, àwọn méjèèjì. Ohun tí mo bá ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kò tún ṣeé gbé fún ẹlòmíràn mọ́.

SAFURAT: (ó ti ń yí pẹ́dàlì, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn onítọ̀hún ni, kò fẹ́ dá sí i) Àmín, Bàbá.

ALÀGBÀ: Dákẹ́ báyìí. Ó ń bọ̀.

(Ó dijú, ó yí po, ó tún yí po, ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ dúdú.)

ALÀGBÀ: Ẹ̀mí ti yàn!

SAFURAT: Bàbá, ẹ lajú díẹ̀. Mo rí yín.

ALÀGBÀ: Ojú ẹ̀mí ló là.

SAFURAT: Kò burú. Ẹ gùn ún díẹ̀ kí n wo gíga ìjókòó. Ẹ rọra o, ibí yìí gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì.

ALÀGBÀ: Mo mọ kẹ̀kẹ́ í gùn kí wọ́n tó bí ẹ.

(Ó fi àmùrè ká sùtánà mọ́ ìbàdí, ó gbéra. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmùrè tú. Sùtánà ṣí bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi.)

ALÀGBÀ: Ìyá Rilwan! Ó mà ń lọ o!

SAFURAT: Mo sọ fún yín! Afẹ́fẹ́ ò rí ibi dì í mú!

ALÀGBÀ: Ó tó báyìí!

SAFURAT: Ẹ tẹ bíréèkì!

ALÀGBÀ: Mo ti tẹ̀ ẹ́!

SAFURAT: Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!

ALÀGBÀ: Mo ti tẹ̀ ẹ́ pa! Kò dá mi lóhùn!

SAFURAT: Ẹ fẹsẹ̀ walẹ̀!

ALÀGBÀ: Ẹsẹ̀ lásán ni!

(Nísàlẹ̀, àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ gbójú sókè, wọ́n rí ohun funfun ńlá kan tó ń bọ̀ láti òkè. Ọ̀bẹ ń já bọ́. Ẹnìkan kígbe, “Jésù!” Òmíràn kígbe, “Alláhù Akbar!” Ewúrẹ́, adìẹ, ọlọ́kadà, gbogbo wọn yà sí ẹ̀gbẹ́. Ojú ọ̀nà ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alàgbà gba àárín rẹ̀ kọjá, ó fò ré kọjá gọ́tà, ó sì wọ inú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lọ, òun àti éérò. Èèpo fò sókè, ó tún padà wálẹ̀. Safurat ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.)

SAFURAT: Bàbá! Bàbá o! Ẹ dá mi lóhùn! Mo gbé! Bàbá!

(Ohùn kan jáde láti inú èèpo. Ohùn náà kò jọ ti ẹni tó fara pa.)

ALÀGBÀ: Kí ni wọ́n ń pariwo?

SAFURAT: Ta ni?

ALÀGBÀ: Àwọn èèyàn. Nígbà tí mò ń kọjá. Kí ni wọ́n ń sọ?

SAFURAT: Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n ń pè! Ta ni kò ní pè é? Ṣé ọwọ́ yín pé? Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?

ALÀGBÀ: Ṣé wọ́n yà fún mi?

SAFURAT: Wọ́n yà, wọ́n sá, àwọn kan ṣì ń sá lọ!

ALÀGBÀ: Ṣé ẹnikẹ́ni wà níwájú mi?

SAFURAT: Ta ló fẹ́ kú?

ALÀGBÀ: Ṣé mo dúró?

(Safurat ti fa kẹ̀kẹ́ jáde, ó fi ìka kan àwo. Ó fi ìka náà sí imú. Ó tún fi kan èkejì.)

SAFURAT: Bàbá. Kí ló wà lára bíréèkì yìí?

ALÀGBÀ: Òróró ìyàsímímọ́.

SAFURAT: Òróró! Lórí bíréèkì!

ALÀGBÀ: Ìwọ lo ní gbogbo ẹ̀mí mi wà níbẹ̀. Ibò ni kí n ta á sí?

SAFURAT: Bíréèkì ò mọ òróró! Gbígbẹ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ! Tí òróró bá ti kàn án, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀, kò lè mú nǹkan kan! Ẹ ò bá kú, Bàbá! Ẹ ò bá kú mọ́ mi lọ́wọ́!

(Ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Alàgbà dìde nínú èèpo ẹ̀gẹ́, funfun rẹ̀ ti di oríṣiríṣi. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.)

ALÀGBÀ: Ìyá Rilwan, má sunkún. O ò rí i? Kò sí ẹnìkankan níwájú mi! Gbogbo èèyàn yà fún mi! Wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run! N kò dúró! Ìran ti ṣẹ! Òní ló ṣẹ! Ìjọ ló túmọ̀ ẹ̀ sí Sátidé, èmi ò dárúkọ ọjọ́. Gbogbo Lálúpọn ló jẹ́rìí mi. Mi ò sá eré kankan mọ́. Kí Ìmọ́lẹ̀olúwa gbé itan ẹ̀ lọ gba ipò kìíní, èmi máa wà lábẹ́ ibòji, màá máa pàtẹ́wọ́ fún un!

SAFURAT: Àlhàmúdúlílà. Ẹ̀rù bà mí gan-an o.

ALÀGBÀ: O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bùsí ọjà rẹ. Bọ́ọ̀sì Ìyànà Ọ̀fà dà?

SAFURAT: Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

ALÀGBÀ: Kẹ̀kẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?

(Safurat kò pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló le. Ó nu ojú rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.)

SAFURAT: Nínú ìran yẹn, Bàbá, kẹ̀kẹ́ ta lẹ gùn?

ALÀGBÀ: Tèmi ni. Mo ti sọ...

SAFURAT: Ẹ ní ẹ ti san owó rẹ̀ tán. Ẹ ní ọkàn yín balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

ALÀGBÀ: Mo sọ bẹ́ẹ̀.

SAFURAT: Èyí tí ẹ gùn wọ inú èèpo yìí, ta ló ni ín?

(Èèpo ẹ̀gẹ́ kan rọra jábọ́ láti etí Alàgbà.)

SAFURAT: Títí di ìsinsìnyí, kẹ̀kẹ́ Safurat ni. Ìran tó ṣẹ yìí kì í ṣe tiyín, Bàbá. Tiyín ṣì ń bọ̀. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Sátidé o.

(Ọwọ́ Alàgbà rìn lọ sí àpò fúnra rẹ̀.)

ALÀGBÀ: Mo ra dúdú.

SAFURAT: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ku pupa.

ALÀGBÀ: Kí ló kan pupa?

SAFURAT: Ẹ ti yà á sí mímọ́. Ẹ ní kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn mọ́. Mo sì ti ṣe àmín sí i. Ta ni kí n wá tà á fún? Ẹ má wulẹ̀ bínú, dúdú fún ìran, pupa fún ọ̀nà. Màá bá yín fọ òróró kúrò, màá pààrọ̀ bíréèkì wọn. Pupa lẹ máa gùn lọ ìsìn lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá fẹ́ fi yín jẹ olórí aríran.

(Alàgbà wo òkè. Pupa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àwo rẹ̀ ń dán. Ó jẹ́ ẹni tí kò lè fi nǹkan pamọ́ sínú, ìyẹn náà ló ń mú un sọ ìran.)

ALÀGBÀ: Ìyá Rilwan, kí n má purọ́ fún ẹ. Mo ta òróró díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn náà.

SAFURAT: Kò sí wàhálà, Bàbá. Ẹ bá mi di kẹ̀kẹ́ yín mú ká máa gòkè lọ. Tí a bá débẹ̀, mo máa pe Bàbá Rilwan, ká jọ sọ iye tí ẹ máa ra ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣáà ti ya òun náà sí mímọ́.